Xbox Series S àbí PS5: Èwo Ló Bá Tẹlifíṣọ̀n Yín Mu?

Kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni léèrè èyí tó dáa jù nínú ẹ̀rọ gémù méjì yìí, ẹ kọ́kọ́ wo tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ yín. Bó bá jẹ́ 1080p, píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) tó wà lójú rẹ̀ jẹ́ 2,073,600. Bó bá jẹ́ 4K, ó di 8,294,400, ìlọ́po mẹ́rin géérégé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fún ní àwọ̀. Gémù tó bá ń lọ ní 60fps, ìyẹn àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì fún ẹ̀rọ láyè ju ìdá kan nínú ọgọ́ta ti ìṣẹ́jú àáyá kan lọ láti ya àwòrán kan tán. Bí kò bá yà á tán, eré á bẹ̀rẹ̀ sí í já: ẹ ti tẹ páàdì, ẹni tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n kò tíì fò.

Agbára ẹ̀rọ dà bí owó kan tó wà lápò, ọjà méjì la fẹ́ fi rà. Ọ̀kan ni iye píksẹ́lì. Èkejì ni kúlẹ̀kúlẹ̀ àwòrán: òjìji, irun orí, ewé igi, omi tó ń dán, èrò tó ń rìn lójú títì. Ohun tí a bá ti ná sórí ọ̀kan, a ò lè rí i ná sórí èkejì mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nígbà tí gémù Halo 3 jáde lórí Xbox 360 lọ́dún 2007, píksẹ́lì 1152 × 640 ló ń yà, kò tiẹ̀ tó 720p (1280 × 720), torí pé bí ìmọ́lẹ̀ inú gémù ṣe máa rí ló ká Bungie tó ṣe é lára jù. Lójú tèmi, wọ́n yàn dáadáa.

Oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni Series S àti PS5 jọ dé. Dọ́là 299 ni Series S nígbà náà. PS5 tó ń lo CD jẹ́ dọ́là 499. Agbára tí Series S fi ń ya àwòrán jẹ́ teraflop 4 (teraflop kan jẹ́ ìṣirò tírílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ti PS5 jẹ́ 10.28. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí o. Ẹ pín agbára yẹn kárí píksẹ́lì: Series S tó ń ya 1080p ní agbára lórí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ju PS5 tó ń ya 4K lọ. Fún tẹlifíṣọ̀n 1080p, kì í ṣe ẹ̀rọ yẹpẹrẹ rárá.

Ibi tó ti ń dun Series S ni mẹ́mórì, ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí: 10GB, nígbà tí PS5 ní 16GB. Píksẹ́lì ṣeé dín kù, ṣùgbọ́n ayé inú gémù kò rọrùn láti gé kúrú. Gémù Baldur's Gate 3 dé orí Xbox lóṣù kejìlá ọdún 2023, àmọ́ lórí Series S, ènìyàn méjì kò lè pín ojú tẹlifíṣọ̀n kan ta á. Bí ọ̀kan bá wà lọ́jà tí èkejì wà nínú ihò, ibi méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú mẹ́mórì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún 2025 ni wọ́n tó rí i ṣe. Bí ẹ̀yin àti àbúrò yín bá jọ máa ń jókòó sórí àga kan, páàdì méjì lọ́wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

PS5 náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò yìí. Ẹ wo gémù Spider-Man: Miles Morales, tó ní oríṣi àwòrán tí ẹ lè yàn. Bí ẹ bá yan Fidelity, ẹ ó rí ilé òdìkejì títì àti Miles, akọni gémù náà, fúnra rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé bó ṣe ń gun ògiri lọ, ní 4K, àmọ́ 30fps ni. Bí ẹ bá yan Performance, ó di 60fps, gíláàsì yẹn kò sì ní fi Miles hàn bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìkẹta kún un, tó ní 60fps pẹ̀lú gíláàsì tó ń dán. Ibo ni wọ́n ti rí agbára rẹ̀? Wọ́n dín píksẹ́lì kù, wọ́n dín dídán yẹn fúnra rẹ̀ kù díẹ̀, wọ́n sì dín àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ní títì kù. Ìkẹta yìí ni mo máa ń yàn. Níbi tí àga mi wà, ojú mi kò mọ̀ pé píksẹ́lì dín, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ 30fps lójú ẹsẹ̀.

Nípa iná, Series S kì í sábà kọjá 100W bí ẹ bá ń ta gémù, PS5 sì lè tó 200W. Fún ilé tó ń lo ìnfátà, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n Series S kò ní ojú CD, dátà lẹ ó máa fi gba gbogbo gémù sílẹ̀. Nínú ààyè 512GB tó fi ń tọ́jú gémù, nǹkan bí 364GB ló ṣẹ́ kù fún yín, gémù ńlá kan sì lè jẹ 100GB.

Tẹlifíṣọ̀n 1080p, ẹyọ ẹnì kan, íntánẹ́ẹ̀tì tó dúró: Series S tó. Tẹlifíṣọ̀n 4K, tàbí ilé tí wọ́n ti máa ń yá ara wọn ní CD: ẹ fara da owó PS5. Bó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ wo ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, torí PS5 kan wà tí kò ní ojú CD, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì jọra gan-an nínú páálí.