Àgbéyẹ̀wò: Àpò shim àti ọ́ìlì silicone tí mo fi tún diff ọkọ̀ rìmóòtù mi ṣe ní Kàbà

Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń lo àpò shim yìí (òrùka irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń ti gíà sún mọ́ra) àti ìgò ọ́ìlì silicone mẹ́ta tí mo rà pọ̀ mọ́ ọn. Láàárín oṣù mẹ́rin náà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti tú diff ọkọ̀ rìmóòtù mi palẹ̀, ìyẹn àkójọ gíà tó ń pín agbára fún àwọn táyà. Ẹni tó bá ń fi irú ọkọ̀ yìí sáré lórí ilẹ̀ pupa wa ni mo ń bá sọ̀rọ̀, nítorí kíráùn méjì (gíà ńlá ara diff) ló ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó mọ ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ná owó lé lórí.

Buggy 1/8 ni ọkọ̀ náà, ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́jọ ọkọ̀ gidi ni ìwọ̀n rẹ̀, bátìrì LiPo 4S (oní sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin) ló ń gbé e. Diff mẹ́ta ló ní: ti iwájú, ti àárín àti ti ẹ̀yìn. Pápá ilé ìwé ni mo ti ń wà á nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, tàbí ojú ọ̀nà oko lẹ́yìn ìlú, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ ti pọ̀ ju iyanrìn lọ. Ọyẹ́ tó kọjá ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá tẹná mọ́ ọn láti ìdúró, á ké ta-ta-ta lábẹ́ kó tó gbéra. Mo tú ti ẹ̀yìn, mo rí i pé eyín kíráùn ti já níbi mẹ́rin. Mo ra kíráùn àti píníọ̀nù (gíà kékeré tó ń yí kíráùn) tuntun, mo kó wọn sí i bí wọ́n ṣe ti inú ọ̀rá jáde, mo dè é. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ohùn yẹn padà. Ó dùn mí gan-an, torí owó tí mo fi pa mọ́ fún táyà ni mo ti ná.

Bàbá kan wà tí wọ́n ń ṣe mẹkáníìkì lọ́rì létí ọ̀nà Obájànà. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn, kíráùn àti píníọ̀nù sì ni ọwọ́ wọn mọ̀ jù. Mo kí wọn, "Okun o, Bàbá," mo gbé diff kékeré náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n di píníọ̀nù mú, wọ́n fi àtàǹpàkò ti kíráùn síwá sẹ́yìn. Ó ń ró kọ̀, kọ̀.

"Ta ló sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ọ?"

Mo ní èmi ni mo kó o sí i, pé tuntun ni.

"O kó o sí i, o ò sẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Wá nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tì í lẹ́yìn, kó sún mọ́ra."

Nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn ni shim. Bí àlàfo bá wà láàárín kíráùn àti píníọ̀nù, orí eyín nìkan ni wọ́n fi ń kan ara wọn, ibẹ̀ ló sì tín-ín-rín jù. Gíà tí eyín rẹ̀ dagun bẹ́ẹ̀ tún máa ń ti ara wọn sẹ́yìn nígbà tí agbára bá wọ̀ wọ́n. Nítorí náà, àlàfo tí ẹ rí nígbà tí ọkọ̀ dúró kéré sí èyí tó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹná. Eyín á fò, á já, irin tó já á sì bọ́ sáàárín àwọn tó kù.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ra àpò náà, wọ́n fi wébìlì gbé e wá sí gáréèjì Kàbà, ọjọ́ mẹ́fà ló gbà. Oríṣi mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, 0.1, 0.2 àti 0.3 mìlímítà, mẹ́wàá mẹ́wàá. Ìwọ̀n 13x16 ni gbogbo wọn. Béárìn tó gbé diff mi dúró jẹ́ 8x16x5: ihò inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, ìta rẹ̀ 16, ó nípọn ní 5. Nítorí pé ihò inú shim fẹ̀ tó 13, òrùka ìta béárìn nìkan ló ń kàn, kò ní fọwọ́ kan òrùka inú tó ń yí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọn béárìn tiyín ná, torí ọkọ̀ 1/10 kì í sábà lo ìwọ̀n yìí.

Inú mi ò dùn sí ohun méjì. Ìgò ọ́ìlì kan ti jò sínú páálí, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ti lọ. Èkejì burú jù ú lọ: mo fi vernier (irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó) wọn gbogbo shim náà, mo sì rí mẹ́ta tí wọ́n kó sí ọ̀rá 0.2, tó jẹ́ pé 0.1 ni wọ́n. Ẹni tí kò bá ní vernier, á kó wọn sí i, á sì máa rò pé òun ti tì í tó. Ẹni tó tà á fún mi dá owó ìgò ọ́ìlì padà, ṣùgbọ́n kò dáhùn nípa shim. Etí àwọn kan tún rí ṣákaṣàka. Mo fi sáńpépà tó kúnná jù ha etí wọn kí n tó lò wọ́n.

Nípa iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ìmọ́tótó ni mo fi ṣáájú. Mo yọ O-ring (òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) kúrò ná, torí epo lè mú rọ́bà wú, mo wá fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ gbogbo gíà títí tí kò fi sí eruku dúdú mọ́. Mo yí béárìn kọ̀ọ̀kan lórí ìka. Èyí tó bá ń ha tàbí tó ń mì, ẹ má dá a padà. Shim kò lè gba béárìn tó ti kú sílẹ̀.

Píníọ̀nù ni mo kọ́kọ́ yanjú. Mo fà á, mo tì í. Tó bá ń rìn wọlé jáde, shim kékeré tirẹ̀ ló nílò, láàárín gíà àti béárìn, kò sì sí irú ìyẹn nínú àpò yìí. Lọ́tọ̀ ni mo rà á. Lẹ́yìn náà ni mo kan kíráùn. Ẹ̀yìn kíráùn, níhà tí eyín rẹ̀ kò kọjú sí, ni shim ń wọ̀ kó lè tì í sún mọ́ píníọ̀nù. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0.2 kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: ẹ gbọ́dọ̀ de gbogbo síkúrù ilé gíà pátápátá kí ẹ tó dán an wò, torí bí ilé náà ṣe ń fún mọ́ra ni àlàfo ń yí padà. Mo yí i lọ́wọ́ ní ìyípo mẹ́wàá. Ohun tí mò ń wá ni pé kó máa yí gẹ́rẹ́, kó má di níbì kankan, kí n sì ṣì lè gbọ́ ìmì tó kéré bí irun tí mo bá di píníọ̀nù mú. Pẹ̀lú 0.2, ó ṣì ń ró. Pẹ̀lú 0.3, ó dára. Mo dán 0.4 wò, ó di níbi méjì, mo yọ ọ̀kan. Tó bá le jù, ẹ́ńjìnnì iná á gbóná, bátìrì á tán kíá, gíà náà á sì jẹ ara rẹ̀. Diff iwájú gba 0.2 péré. Ti àárín ò nílò rárá.

Ọ́ìlì wá. Nọ́ńbà rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe ki tó: bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí ni ọ́ìlì ṣe ń ki sí. 5000 ni mo fi sí iwájú, 7000 sí àárín, 3000 sí ẹ̀yìn. Mo da ọ́ìlì títí tó fi bo ọ̀pá tó dábùú àwọn gíà kékeré, mo fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ọ́ìlì máa ń gbòòrò nínú ooru, mo sì jẹ́ kó jókòó fún wákàtí kan kí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè jáde. O-ring tuntun, gíríìsì díẹ̀ lára rẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì bébà tuntun, síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìdojúkọ ara wọn. Ìyàtọ̀ tó hàn jù ni ti àárín. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá tẹná, táyà iwájú á máa yí lásán lórí òkúta wẹ́wẹ́, tẹ̀yìn ò ní ní agbára. Pẹ̀lú 7000, gbogbo táyà ló ń fà pa pọ̀, ó sì ń gun òkè ọ̀nà oko yẹn láìsinmi. Nígbà òjò, mo sọ ti àárín di 5000, torí ilẹ̀ ń yọ̀, ọkọ̀ sì ti ń fẹ́ yí po jù.

Lẹ́yìn tí mo ti lo bátìrì tán lẹ́ẹ̀mẹta ni mo tún tú u. Gíà tuntun ti jẹ ara wọn díẹ̀, mo fi 0.1 kan kún ti ẹ̀yìn. Látìgbà náà, mo ti lo bátìrì tán tó ìgbà ogójì, kíráùn kan náà ló ṣì wà níbẹ̀, eyín rẹ̀ pé. Mo gbé e lọ han Bàbá. Wọ́n tì í síwá sẹ́yìn bíi ti àkọ́kọ́, wọ́n gbé e sún mọ́ etí, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. O ti sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ báyìí."

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ọ́ìlì náà. Mẹ́ta ni mo fún shim, nítorí àwọn mẹ́ta tí ìwọ̀n wọn kò pé yẹn. Mo ti fún ọmọkùnrin kan ní Ìyàrá ní méjì nínú àwọn 0.1, ìyẹn ló sì ń tán jù. Ó ku mẹ́fà. Bí wọ́n bá ń ta 0.1 lọ́tọ̀, òun nìkan ni màá rà nígbà míì.