Ẹ má dúró sísàlẹ̀ ní Olúmirìn o, orí àpáta lókè ni nǹkan wà

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, a ní igbó Ọ̀ṣun nílé, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ tó bá jẹ́ òkè lẹ fẹ́ gùn, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni kẹ́ ẹ lọ, níbi tí Olúmirìn, omi tó ń já wálẹ̀ látorí àpáta ní ìpele-ìpele, wà. Ìléṣà Gáréèjì la ti wọkọ̀, a bọ́ọ́lẹ̀ n'Íléṣà, a wọ èyí tó ń lọ Àkúrẹ́, a ní kí dírẹ́fà já wa sí Ẹ̀rìn, ọ̀kadà ló gbé wa dé ẹnu géètì.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọjá ìpele àkọ́kọ́, wọ́n á gun àtẹ̀gùn, wọ́n á ya fótò níwájú omi, wọ́n á jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n gbé látilé, wọ́n ti ń lọ nìyẹn. Ìpele méje mà ni! Láti ìkejì lọ sókè, gbòǹgbò igi àti àpáta lẹ ó máa dì mú, ibì kan wà tó jẹ́ pé tọwọ́ tẹsẹ̀ ni mo fi gùn ún, orúnkún mi ń gbọ̀n. Ìgbà tá a wá dórí àpáta kan tó tẹ́ bí ẹní, tá a yíjú padà báyìí, ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò lè sọ̀rọ̀. Igi kún àfonífojì yẹn bámúbámú, páànù òrùlé lọ́ọ̀ọ́kán rí kéékèèké bíi páálí ìṣáná, omi ń hó lábẹ́ wa, atẹ́gùn ibẹ̀ sì tutù débi pé òógùn ara mi gbẹ kí n tó jókòó dáadáa. Wọ́n ní Akínlà, ọmọọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí omi náà, ló bá pariwo pé olú mìíràn rè é, ìyẹn ni pé òrìṣà mìíràn rè é, ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá. Mo gbà á gbọ́, torí èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀.

Ẹ wọ kánfáàsì tó ń di ilẹ̀ mú. Sálúbàtà ni àbúrò mi wọ̀, okùn ẹ̀ já ní ìpele kejì, ibẹ̀ ló jókòó sí dè wá, ó sì dùn ún. Àpáta tó wà lẹ́bàá omi ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ìparí October sí November ló dáa jù, òjò ti rọlẹ̀ díẹ̀, omi ṣì pọ̀, ọyẹ́ ò sì tíì bo ojú òkè.

Àwa tá à ń ju ọ̀rá piọ́ wọ́tà sáàárín àpáta, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká máa kó o sínú báàgì wálé, mo ṣa tó mọ́kànlá níbi tá a jókòó sí nìkan. Kí aago mẹ́ta tó lù ni kẹ́ ẹ ti máa sọ̀ kalẹ̀ o, ilẹ̀ tètè ń ṣú lábẹ́ igi yẹn.