Àyẹ̀wò DKMS: Ohun Tó Lè Ṣe àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Pin Sí

Ẹni tó bá ń lo Linux pẹ̀lú module àfikún (ègé kóòdù tí a ń fi kún kernel, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ), bí i dráífà káàdì Wi-Fi tí kò bá kernel wá, yóò ti rí i pé module tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lè kọ̀ láti wọlé lẹ́yìn tí kernel bá yí padà, tí ẹ̀rọ á sì sọ pé “Invalid module format”. Ìdí ni pé àmì kan tí wọ́n ń pè ní vermagic wà nínú module kọ̀ọ̀kan, tó ń tọ́ka sí ẹ̀yà kernel tí a ṣe é fún. Àwọn tó ń kọ Linux kò sì ṣèlérí pé inú kernel kò ní yí padà láti ẹ̀yà kan sí òmíràn.

Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ tún module kọ́mpáìlì (ká yí kóòdù rẹ̀ padà sí ohun tí ẹ̀rọ lè lò) fún kernel tuntun. Wàhálà yìí ni DKMS (Dynamic Kernel Module Support), tí ilé iṣẹ́ Dell bẹ̀rẹ̀ ní 2003, gbà lọ́wọ́ ẹni. Kóòdù module wà ní /usr/src, fáìlì dkms.conf ń sọ bí a ó ṣe kọ́mpáìlì rẹ̀, bí kernel tuntun bá sì ti wọlé pẹ̀lú header rẹ̀ (àwọn fáìlì tí a nílò láti kọ́mpáìlì module fún un), DKMS á parí èyí tó kù fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ yìí mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n kò lè mú kóòdù àtijọ́ bá kernel tuntun mu. Nígbà tí kernel 5.6 dé, proc_create, iṣẹ́ inú kernel tí module fi ń dá fáìlì sílẹ̀ lábẹ́ /proc, kò gba àkójọ tó ń jẹ́ file_operations mọ́, proc_ops ló ń béèrè. Module tó ṣì ń fún un ní file_operations, tí olùtọ́jú rẹ̀ kò tíì tún kóòdù ṣe, kò ṣeé kọ́mpáìlì mọ́, DKMS ì báà gbìyànjú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kọ́mpáìlà, ìyẹn ètò tó ń kọ́mpáìlì kóòdù, náà ní tirẹ̀, torí kernel tí a fi kọ́mpáìlà Clang kọ́mpáìlì lè ní àwọn àṣẹ tí GCC, kọ́mpáìlà mìíràn, kò mọ̀ rárá, LLVM=1 (àṣẹ tó ń sọ pé kí a lo Clang) ni module rẹ̀ sì ń fẹ́.

Ohun tí mo kà sí àléébù rẹ̀ jù ni bí ó ṣe ń jábọ̀ ìjákulẹ̀: ìkìlọ̀ rẹ̀ máa ń sọnù sáàárín ọ̀pọ̀ ìlà, nígbà tí àlàyé gan-an wà nínú make.log lábẹ́ /var/lib/dkms, níbi tí ẹni tuntun kò ní ronú láti wò. Ó yẹ kí ènìyàn ṣe “dkms status”, àṣẹ tó ń fi ipò module kọ̀ọ̀kan hàn, kó tó tún ẹ̀rọ tàn, kó má sì yọ kernel àtijọ́ kúrò. Níbi tí Secure Boot (ààbò tó ń dènà kóòdù tí a kò fọwọ́ sí) bá wà, ó tún gbọ́dọ̀ fi àṣẹ mokutil forúkọ kọ́kọ́rọ́ tí a fi fọwọ́ sí module sílẹ̀.

Mo gbóríyìn fún DKMS fún module tí olùtọ́jú rẹ̀ kì í sùn. Ẹni tí dráífà rẹ̀ ti wà nínú kernel kò nílò rẹ̀ rárá.