Irinṣẹ́ tí a fi ń dín ṣéènì aago kù: ibi tó ti wúlò àti ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti ń dá

Àpò irinṣẹ́ yìí wà fún ẹni tí ṣéènì aago irin ń ṣò lọ́wọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ìjókòó rọ́bà kan tó ní síkúrù lẹ́gbẹ̀ẹ́, abẹ́rẹ́ mẹ́ta fún síkúrù náà, irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tí a fi ń lu pínnì jáde (mílímítà 0.8, 0.9 àti 1.0), òòlù kékeré, àti irin tí a fi ń yọ sípíríìǹgì (ọ̀pá kékeré tó so ṣéènì mọ́ ìkọ́ rẹ̀). Ó dára fún ṣéènì onípínnì, ìyẹn èyí tí pínnì so àwọn oríkèé rẹ̀ (ègé ègé irin rẹ̀) pọ̀. Bó bá jẹ́ ti onísíkúrù ni, ẹ má wulẹ̀ rà á. Sukurudíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kún ojú ilà síkúrù náà lẹ nílò.

Ọ̀pọ̀ ló ń ṣì wọ́n mú. Wọ́n á rí ilà lórí pínnì, wọ́n á ní síkúrù ni, wọ́n á sì máa yí i títí yóò fi bàjẹ́. Pínnì tó la ẹnu náà ní ilà. Inú ṣéènì ni kí ẹ yẹ̀ wò: bí wọ́n bá fín ọfà síbẹ̀, pínnì ni, apá tí ọfà náà kọjú sí ló sì ń gbà jáde.

Kí ẹ tó yọ oríkèé kankan, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìkọ́ ṣéènì. Bí ihò kéékèèké bá tò síbẹ̀, sísún sípíríìǹgì sí ihò mìíràn lè parí iṣẹ́ náà. Ẹ fi ọwọ́ bo ibẹ̀ bí ẹ bá ń yọ ọ́, torí ó máa ń ta sọnù. Bí ṣéènì bá ṣì ṣò, ẹ ká èyí tó lé jọ, kí ẹ ka iye oríkèé tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì pín in sí apá méjèèjì ìkọ́. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, apá nọ́ńbà 6 ni kí ẹ ti yọ ọ́, kí ìkọ́ lè dúró láàárín abẹ́ ọwọ́. Ẹ má fún un pinpin: ọwọ́ máa ń wú bí ooru bá mú.

Ìjókòó rọ́bà yìí gan-an ló ní àléébù. Bí pínnì bá le, ògiri rọ́bà náà á tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, abẹ́rẹ́ á wọ́, á fi ẹnu gún etí ihò dípò pínnì, á sì dá. Irin abẹ́rẹ́ náà rọ̀, kò lè fara da irú ẹ̀. Ẹ yí síkúrù títí abẹ́rẹ́ á fi kan pínnì, kí ẹ wá dúró, kí ẹ wò ó látòkè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóyá ó bá ihò mu gan-an. Bí ó bá le lọ́wọ́ tí pínnì kò sì mira, ẹ yí síkúrù náà padà sẹ́yìn. Èmi kì í fi ìjókòó yìí bẹ̀rẹ̀ pínnì líle mọ́: irin tẹ́ẹ́rẹ́ àti òòlù ni, ní lílù kúkúrú kúkúrú, kí ọfà kọjú sí ìsàlẹ̀. Bí pínnì bá ti yọrí, ẹ̀mú á fà á jáde.

Orí aṣọ funfun ni kí ẹ ti ṣe é. Nínú àwọn ṣéènì kan, òrùka irin kan tí kò tó hóró ìrẹsì wà láàárín oríkèé, òun ló di pínnì mú. Ó máa ń já bọ́ láìdún. Bí pínnì bá wọlé wẹ́rẹ́ láìsí ìdènà, òrùka náà ti sọnù nìyẹn, pínnì á yọ́ jáde, aago á sì já lulẹ̀. Ẹ wá a kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Nígbà tí ẹ bá ń dá pínnì padà, ẹ tì í lòdì sí ọfà, kí ẹnu tó là wọlé kẹ́yìn. Ẹ lù ú títí á fi bá ojú irin dọ́gba, kí ẹ wá fi èékánná ra á: bó bá há èékánná, ó kù díẹ̀.

Síkúrù inú ṣéènì onísíkúrù ní tirẹ̀ sábà máa ń ní àtè. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i kó lè rọ̀, kí ẹ sì kán àtè síkúrù díẹ̀ sí i nígbà tí ẹ bá ń dá a padà.

Bí ẹ bá máa ra àpò yìí, ẹ ra abẹ́rẹ́ kún un. Mẹ́ta kò tó.