Ọjọ́ méjì ní Kàlàbá, òjò ò jẹ́ ká rímú mí

Ẹ̀yin ará Adó, tẹ́ ẹ bá ń lọ Kàlàbá lóṣù keje, ẹ wọ bàtà rọ́bà o, agbòjò nìkan ò lè gbà yín. Mùsíọ́ọ̀mù tó wà lórí òkè ló wù mí jù, ilé pákó táwọn òyìnbó fi ọkọ̀ òkun kó wá ní 1884 tí wọ́n wá tò ó síbẹ̀, mo kàn dúró ń wo odò Kàlàbá nísàlẹ̀ tójò ń rọ̀ lé lórí, omi ń ro tótó lára ìbọ̀sẹ̀ mi, síbẹ̀ mi ò fẹ́ kúrò. Ọkọ̀ ojú omi tá a sanwó ẹ̀ ò gbéra, wọn ò sì dá kọ́bọ̀ padà, wọ́n lójò kì í ṣe ẹjọ́ àwọn. Ọbẹ̀ afang dùn gan-an, àmọ́ iyán wọn... ẹ jẹ́ n dákẹ́, ọmọ Èkìtì ni mí.