Súkúdíráfà Tí Mo Rà ní Adó-Èkìtì
Nítòsí Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì ni mo ti ra súkúdíráfà mẹ́fà yìí, lẹ́yìn tí ẹnu èyí tí mo kọ́kọ́ rà lórí àtẹ ti kújú níbi súkúrù kẹta péré. Wọ́n kọ Cr-V sára wọn, èyí tó ń tọ́ka sí irin tí wọ́n po chromium àti vanadium, irin méjì mìíràn, mọ́ kí ó lè le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè tẹ lẹ́tà sára irin; ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn ni pé ẹnu PH2, oní-àgbélébùú, wọ inú súkúrù ilẹ̀kùn mi ṣinṣin láìmì. Èkù wọn máa ń yọ̀ bí gírísì bá wà lọ́wọ́. Mo ń fi epo díẹ̀ ra irin wọn nígbà òjò, ṣùgbọ́n àbúrò mi ti fi èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ṣí agolo ọ̀dà, ẹnu rẹ̀ sì ti kán.