Ẹ ṣọ́ra fún ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ ẹja kékeré

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ kékeré pẹja lórí ọ̀sà, láti Àgbádárìgì títí dé Ẹ̀pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan ń polówó ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ lórí WhatsApp àti Facebook, Yamaha 15 àti 40 (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó), ó sì tún ń ta káyáàkì, ọkọ̀ ike kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, tó ní Amẹ́ríkà lòún ti kó wọn dé. Orúkọ tó ń jẹ́ lónìí kọ́ ló máa jẹ́ lọ́la, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Èbúté ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa ń ní kí èèyàn ti pàdé òun, kì í sì í kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sórí rìsíìtì.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń pẹja ní apá Ìkòròdú ra 15 lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣojú wọn ló ṣe ki ìdí ẹ́ńjìnnì bọ inú dúrọ́ọ̀mù omi, ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ó ti gééjì tí wọ́n fi ń wọn agbára inú sìlíńdà bọ ojú plọ́ọ̀gì, nọ́ńbà gbé sókè dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi sanwó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ láàárín ọ̀sà, lójú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ akóyanrìn ń gbà, tí ìgbì ń gbé wọn sókè gbé wọn sódò. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn apẹja tó wà nítòsí tí wọ́n so okùn mọ́ wọn, tí wọ́n fà wọ́n dé èbúté.

Ìgbà tí mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì náà ni àṣírí tú. Ọ́ìlì tó nípọn ni ọkùnrin náà ti rọ sínú sìlíńdà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì yẹn máa ń dí àlàfo tó wà láàárín písítìnì àti ara sìlíńdà fúngbà díẹ̀, gééjì á wá ga ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá jó tán, agbára tán nìyẹn. Lábẹ́ ọ̀dà tuntun tó ń dán, bọ́dì fílà tí àwọn panẹ́ẹ̀lì bítà ń lò sára mọ́tò ló fi dí ibi tí ilé gíà ti sán. Omi ti wọ ibẹ̀, gíà ọ́ìlì ti funfun bí ẹ̀kọ mímu. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé 9.9 ni ẹ́ńjìnnì náà, kì í ṣe 15 rárá. Àwọn Yamaha two-stroke kan wà tó jẹ́ pé ara kan náà ni 9.9 àti 15 wọn, sìlíńdà méjì, 246cc, ojú lásán ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Sítíkà ara ìdérí ló pààrọ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá débẹ̀, ẹ fọwọ́ kan orí ẹ́ńjìnnì kí ẹnikẹ́ni tó fa okùn. Tó bá ti gbóná, ẹ ní ẹ máa dúró kó tutù. Ẹ tú plọ́ọ̀gì kí ẹ wo inú sìlíńdà fúnra yín kí wọ́n tó ki gééjì bọ̀ ọ́. Tí gééjì sìlíńdà méjèèjì bá fi ju ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ yàtọ̀ síra, ẹ máa lọ. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ilé gíà díẹ̀, kí ẹ gba ọ́ìlì rẹ̀ sórí ìka. Ẹ má sì gba ti inú dúrọ́ọ̀mù, ẹ ní kó gbé e sára ọkọ̀, kí èèyàn wọ̀ ọ́, kí ẹ jọ fi na ọ̀sà.

Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ náà. Ó wà lára irin tó ń di ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí ọkọ̀, ó sì tún máa ń wà lára irin róbótó kékeré kan lára búlọ́ọ̀kù àwọn ẹ́ńjìnnì kan. Tí méjèèjì bá wà tí wọn ò bára mu, tàbí tí wọ́n ti fi fáìlì ha ọ̀kan, ẹ má rà á. Ẹ́ńjìnnì ni àwọn olè orí omi máa ń gbà lọ́wọ́ apẹja ní Bayelsa, Rivers àti Akwa Ibom, ibìkan ni wọ́n sì ń tà wọ́n sí. Tí ọlọ́pàá bá bá a lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé.

Ní ti káyáàkì, àwọn tó fẹ̀ dáadáa, tí kì í tètè dojú dé, ni gbogbo ayé ń wá, òun náà sì mọ̀. Ẹ ká rọ́bà tó tẹ́ sínú rẹ̀ kúrò, kí ẹ wo àyíká àwọn ihò tí omi ń gbà jáde àti ìdí rẹ̀ níbi tí wọ́n máa ń wọ́ nílẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń là. Gọ́ọ̀mù ló fi ń lẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ gọ́ọ̀mù kì í mú irú ike yẹn, àfi kí wọ́n fi iná yọ́ ike kan náà sí i. Ẹ gbé e lé orí táyà méjì, kí ẹ bu omi sínú rẹ̀ láti ẹnu ìdérí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń kán. Èyí tó bá sì jẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, nọ́ńbà oníhóró 12 máa ń wà ní ìdí rẹ̀ lápá ọ̀tún, hóró méjì tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ọdún rẹ̀. Ó ta ọ̀kan fún ẹnìkan ní Lẹ́kí pé 2021 ni, 07 ló wà níbẹ̀.

Ní báyìí, ìdajì owó ló ń gbà kó tó júwe èbúté. Ẹ má fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó bá ti ra nǹkan lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ibi tó ti sanwó, kó fi ránṣẹ́ sí inbox mi, ká lè kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún wọn.